Orí Karùn-ún: Ta Ló Ni Àṣẹ Láti Túmọ̀ Ìwé Òfin Orílẹ̀-Èdè?

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, ọdún 2016, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Baptist High School, Ìwó, gbé aṣọ kọ́áyà wọ̀ lórí yúnífọ́ọ̀mù wọn, wọ́n sì wọlé sí kíláàsì. Àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí tó fi híjáàbù borí wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Kò ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ tí Adájọ́ Jídé Fálọlá ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti dá ẹjọ́ kan ní Òṣogbo pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lẹ́tọ̀ọ́ láti lo híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, pé ẹni tó bá yọ ọ́ lẹ́nu nítorí rẹ̀ ń tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú. Inú àwọn ìjọ tó dá irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà á lọ́wọ́ wọn kò dùn sí i rárá. Ìròyìn aṣọ kọ́áyà náà tàn kálẹ̀ gbogbo Nàìjíríà. Ní Olúpọ̀nnà, tí kò jìnnà sí Ìwó, níbi tí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ti ń bára wọn tan, tí wọ́n jọ ń jẹun ọdún ara wọn, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn.

Abala 38 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ni gbogbo wọn dì mú. Abala náà fún olúkúlùkù lómìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, àti òmìnira láti fi ẹ̀sìn rẹ̀ hàn nínú ìjọsìn, ẹ̀kọ́ àti ìṣe. Òbí Mùsùlùmí kà á, ó ní híjáàbù wà lára ìṣe ẹ̀sìn. Òbí onígbàgbọ́ kà á, ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, aṣọ ìjọ náà jẹ́ ìṣe ẹ̀sìn. Olùkọ́ àgbà kà á, ó ronú sí òfin yúnífọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan náà ni, ojú tí wọ́n fi kà á ni kò pa pọ̀. Kò sì sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn pé ó ka ìwé òfin, nítorí ìwé gbogbo ará ìlú ni. Ohun tí orí yìí fẹ́ yanjú ni èyí: nínú gbogbo kíkà wọ̀nyẹn, èwo ló di dandan fún àwọn yòókù láti tẹ̀ lé?

Ìwé òfin Nàìjíríà dáhùn rẹ̀ ní Abala 6. Ìwé òfin náà pín iṣẹ́ ìjọba sọ́nà mẹ́ta. Ilé aṣòfin ló ń ṣòfin, ààrẹ àti gómìnà ló ń mú un ṣẹ, àwọn ilé ẹjọ́ ló sì ń dájọ́ láàárín ẹni méjì, tàbí láàárín ìjọba àti ará ìlú. Abala 1 sọ pé òfin yòówù tó bá ta ko ìwé òfin yìí, asán ni. Abala 4, ẹsẹ 8, sì fi iṣẹ́ àwọn aṣòfin sábẹ́ ojú ilé ẹjọ́. Tí a bá kó àwọn abala wọ̀nyí pọ̀, adájọ́ ló kù tó lè sọ pé òfin yìí dúró, ìyẹn ṣubú.

Bí ará Olúpọ̀nnà bá rí i pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Abala 46 ní kó kọ́kọ́ lọ. Tí ìdájọ́ ibẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó di Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, lẹ́yìn náà Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Abuja. Abala 235 ti ilẹ̀kùn níbẹ̀: lẹ́yìn Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, kò sí kòtẹ́milọ́rùn mọ́. Ọ̀nà àbùjá kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Abala 295 gba ilé ẹjọ́ kékeré láàyè pé tí ìbéèrè ńlá lórí ìwé òfin bá yọjú láàárín ẹjọ́, kó dá ẹjọ́ náà dúró, kó fi ìbéèrè ọ̀hún ránṣẹ́ sókè, kó sì dúró de èsì.

Ẹjọ́ híjáàbù fi hàn bí àkàbà yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 2014, adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà ka Abala 38 yìí kan náà, ó sì ní ìjọba Èkó kò ṣẹ̀ tó bá ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ má lo híjáàbù. Ní oṣù Keje 2016, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Fún àsìkò kan, ohun tí adájọ́ sọ ní Ìkẹjà àti ohun tí adájọ́ sọ ní Òṣogbo dojú kọ ara wọn, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Ọjọ́ 17, oṣù Kẹfà, 2022 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó parí ẹjọ́ Èkó: adájọ́ márùn-ún fara mọ́ híjáàbù, méjì kò gbà. Àwọn méjì náà kì í ṣe òpè. Ọ̀mọ̀wé nínú òfin ni wọ́n. Iye ló borí wọn. Èyí yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò dáadáa, nítorí àṣẹ láti túmọ̀ òfin kò túmọ̀ sí pé ẹni tó ni àṣẹ náà kò lè ṣì í kà. Ó kàn túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn gbọ́dọ̀ dúró sí.

Lẹ́tà kan ní Ìbàdàn, ọdún 1962

Kò sí ẹjọ́ tó kọ́ ilẹ̀ Yorùbá lẹ́kọ̀ọ́ yìí ju ẹjọ́ Adégbénró àti Akíntọ́lá lọ. Nígbà náà, Olúpọ̀nnà àti gbogbo agbègbè Ìwó wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú rẹ̀. Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá ni olórí ìjọba ẹkùn náà, Ọọ̀ni Ifẹ̀, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, sì ni gómìnà. Ẹgbẹ́ Action Group ti pín sí méjì: àwọn kan wà lẹ́yìn Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, àwọn kan wà lẹ́yìn Akíntọ́lá.

Ìwé òfin ẹkùn náà, ní abala 33, ẹsẹ 10, sọ pé gómìnà kò gbọdọ̀ yọ olórí ìjọba àfi tó bá hàn sí gómìnà pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Ilé Aṣòfin kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ní oṣù Karùn-ún 1962, lẹ́tà kan dé ọwọ́ Ọọ̀ni. Ọmọ ilé 66 ló fọwọ́ sí i pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, Ọọ̀ni yọ ọ́, ó sì fi Alhaji Dáúdà Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá kọ̀ jálẹ̀, ó gba kóòtù lọ. Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro: wọn kò dìbò kankan nínú ilé, báwo ni gómìnà ṣe lè fi ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí níta mọ ohun tó wà lọ́kàn Ilé Aṣòfin?

Ẹ wo bí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ṣe rọ̀ mọ́ gbólóhùn kan: “tó bá hàn sí gómìnà.” Ó hàn sí i láti ibo? Ṣé inú gbọ̀ngán ilé nìkan ló ti gbọ́dọ̀ hàn, tàbí ibikíbi?

Wọ́n gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀ nínú gbọ̀ngán ní ọjọ́ 25. Ìpàdé kò tíì lọ jìnnà tí àga fi ń fò, tí àwọn aṣòfin ń lu ara wọn, àfìgbà tí ọlọ́pàá fi tajútajú tú wọn ká. Ní ọjọ́ 29, ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n sì fi Dókítà Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso ẹkùn náà. Látàárọ̀ dalẹ́, òfin di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.

Ilé ẹjọ́ kò dúró. Ní oṣù Keje, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lábẹ́ Adájọ́ Àgbà Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá dá Akíntọ́lá láre. Wọ́n wo àṣà Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní nílẹ̀ tí a ti mú irú ìjọba yìí wá, ìbò nínú ilé ni wọ́n fi ń mọ̀ pé olórí ìjọba ti pàdánù ọmọlẹ́yìn. Adájọ́ Brett nìkan ni kò bá wọn lọ. Ó kan Ìgbìmọ̀ Privy Council ní London, tó ṣì jẹ́ ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún Nàìjíríà. Ní oṣù Karùn-ún 1963, Viscount Radcliffe ka ìdájọ́ wọn. Ó yí ti Èkó padà. Ó ní ìwé òfin tí a kọ sílẹ̀ ni ti Ìwọ̀-Oòrùn, ohun tí a kọ sínú rẹ̀ ni kí a tẹ̀ lé, kì í ṣe àṣà tí ẹlòmíràn ń tẹ̀ lé níbòmíràn. Gbólóhùn náà sọ pé “tó bá hàn sí gómìnà”, kò sì ní kó máa hàn láti inú ìbò nìkan. Nítorí náà, Ọọ̀ni kò ṣẹ̀ sófin.

Bí àwọn adájọ́ wọ̀nyí ṣe ṣiṣẹ́ wọn wúni lórí. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Ẹ̀gbá gan-an, jókòó ní Èkó, ó fi àṣà Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ òfin wa. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní London, ó ní kí a fi àṣà Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, kí a ka tiwa bí ó ṣe wà.

Àmọ́ Adégbénró kò rí ipò náà gbà. Akíntọ́lá ti padà sórí àga láti oṣù Kìíní 1963, nígbà tí ìjọba pàjáwìrì parí. Bí ìdájọ́ London ṣe dé, Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn yára ṣàtúnṣe sí ìwé òfin ẹkùn náà, wọ́n kọ ọ́ pé ìbò nínú ilé nìkan ni gómìnà lè fi yọ olórí ìjọba, wọ́n sì ní àtúnṣe náà bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá 1960, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà látìbẹ̀rẹ̀. Ilé aṣòfin àpapọ̀ fọwọ́ sí i. Nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tó ní ààrẹ tirẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1963, ọ̀nà London ti dí pátápátá.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín títúmọ̀ òfin àti ṣíṣe òfin, ibí yìí ló sì ti hàn jù. Aṣòfin lẹ́tọ̀ọ́ láti yí òfin padà bí ìtumọ̀ tí adájọ́ fún un kò bá wù ú. Kò sí àléébù níbẹ̀. Èyí tó burú ni pé kó nawọ́ sẹ́yìn, kó sọ ẹni tó ti jàre di ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò nílò láti borí ní kóòtù mọ́. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn rí i, wọn kò sì gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ìbò ọdún 1965 di ogun wẹ́tíẹ̀.

Àwọn 18 nínú 32

Ní ọdún 44 lẹ́yìn lẹ́tà àwọn ọmọ ilé 66 náà, Ìbàdàn tún bá irú rẹ̀ pàdé. Olúpọ̀nnà ti kúrò lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1991, nígbà tí wọ́n dá Ọ̀ṣun sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n túmọ̀ ní Ìbàdàn de Ọ̀ṣun náà. Gómìnà Ọ̀yọ́, Ráṣídì Ládọjà, bá Olóyè Làmídì Adédibú, olóṣèlú ńlá kan ní Ìbàdàn, jà, àwọn aṣòfin sì pín sí méjì. Àwọn 18 nínú ọmọ ilé 32 fi gbọ̀ngán wọn sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìyọnípò ní ilé ìtura D'Rovans, wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2006 pé wọ́n ti yọ Ládọjà. Igbákejì rẹ̀, Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà, gba ipò.

Abala 188 béèrè ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 32 lé ní 21, nítorí náà ó di 22. Àwọn 18 kò tó. Ṣùgbọ́n ẹsẹ 10 nínú abala kan náà sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ ètò ìyọnípò wò. Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Ìbàdàn rí ògiri yìí, ó ní òun kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà.

Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn àti Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ka ìyókù abala náà pọ̀ mọ́ ẹsẹ 10. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2006, Adájọ́ Niki Tobi ka ìdájọ́ tó ṣáájú: ẹni tó tẹ̀ lé gbogbo ìlànà tó wà lókè nìkan ni ògiri ìsàlẹ̀ ń dáàbò bò. Ẹni tó fo ìlànà kò lè sá sẹ́yìn rẹ̀. Ilé ìtura kì í ṣe Ilé Aṣòfin, 18 kì í sì í ṣe 22. Ládọjà padà sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìdájọ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó yí òfin padà sẹ́yìn.

Nígbà tí ìbọn bá sọ pé rárá

Láàárín 1962 àti 2006, ìgbà kan wà tí àwọn adájọ́ túmọ̀ òfin tí wọn kò rí ẹni gbọ́ wọn. Ìjọba ológun Ìwọ̀-Oòrùn ń wádìí dúkìá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé ti Lákanmí àti ti Kíkẹ́lọmọ Ọlá. Wọ́n pẹjọ́. Nígbà tí ẹjọ́ ń lọ, ìjọba àpapọ̀ gbé òfin jáde tó dárúkọ wọn pé ohun tí wọ́n ṣe sí wọn tọ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 1970, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, Adémọ́lá kan náà ló ṣáájú rẹ̀, sọ pé òfin tó ń dárúkọ ènìyàn láti dá a lẹ́bi kì í ṣe òfin, ìdájọ́ ni, iṣẹ́ adájọ́ sì ni ìdájọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí ìjọba Gowon fi gbé Decree 28 jáde. Ó ní ìgbà tí ológun gbàjọba ní 1966 ni ìwé òfin àtijọ́ ti kú, àṣẹ ológun ló wà lókè ohun gbogbo, ìdájọ́ náà sì di òfo.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ẹjọ́ Lákanmí yóò mọ̀ pé àṣẹ adájọ́ kò ní ọmọ ogun, kò sì ní àpò owó. Ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ràn ló wà. Ìdí nìyí tí Abala 287 fi kọ ọ́ kedere pé gbogbo ẹni àti gbogbo àjọ ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ mú ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ṣẹ.

Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbé àṣẹ yìí ka ibì kan náà. Ìwé òfin Amẹ́ríkà kò sọ tààrà pé adájọ́ lè wọ́gi lé òfin. Adájọ́ Àgbà John Marshall ló fi ẹjọ́ Marbury sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ní 1803. Ní orílẹ̀-èdè Benin, tí àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, ìwé òfin 1990 yà ilé ẹjọ́ ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún títúmọ̀ ìwé òfin, pẹ̀lú ọmọ ìgbìmọ̀ méje, ó sì gba ará ìlú yòówù láàyè láti kọ̀wé sí i tààrà. Ní oṣù Keje 2006, nígbà tí àwọn aṣòfin Benin fi ọdún kan kún sáà ara wọn, láti mẹ́rin sí márùn-ún, ilé ẹjọ́ yìí wọ́gi lé e. Àwọn aṣòfin tẹ̀ lé gbogbo ìlànà àtúnṣe o, iye wọn pé. Ilé ẹjọ́ ní ohun tí wọ́n ṣe ta ko ìfohùnṣọ̀kan tí orílẹ̀-èdè fi gbé ìwé òfin náà kalẹ̀.

Ní Nàìjíríà, ẹnu ọ̀nà kóòtù há jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sẹ́nétọ̀ Abraham Adésànyà rí i ní 1981, nígbà tó ta ko bí Ààrẹ Shagari ṣe fi Adájọ́ Ovie-Whiskey ṣe alága àjọ ìdìbò. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kò dá ọ̀rọ̀ ìyànsípò náà fúnra rẹ̀. Ó ní Adésànyà kò fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan òun ju bí ó ṣe kan ẹlòmíràn lọ. Adájọ́ kì í sì í lọ wá ẹjọ́ kiri. Bí kò bá sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é, ìwé òfin lè wà nílẹ̀ láìtúmọ̀.

Ìwé òfin àti owó káńsù

Orúkọ Ayédire, ìjọba ìbílẹ̀ tí Olúpọ̀nnà wà lábẹ́ rẹ̀, tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ilé-Ogbó, wà nínú ìwé òfin 1999 gan-an, ní Àfikún Kìíní, láàárín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun. Abala 7 sọ pé ìjọba tí ará ìlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ máa ṣàkóso rẹ̀. Abala 162, ẹsẹ 6, sọ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpò kan tí wọn yóò máa san owó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, nínú ìdájọ́ tí Adájọ́ Emmanuel Agim ṣáájú, sọ pé àwọn gómìnà ti ń lo àpò yìí ní ìlòkulò, nítorí náà kí ìjọba àpapọ̀ máa san owó náà tààrà fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí a dìbò yàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, nítorí wọ́n mọ bí ọ̀nà ìgbèríko àti ilé ìwòsàn káńsù ṣe rí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ òfin kò gbọdọ̀ gbójú fò ó pé ẹsẹ 6 ṣì wà nínú ìwé bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Radcliffe ní 1963 di ọ̀rọ̀ tí a kọ mú. Àwọn adájọ́ 2024 di ohun tí a torí rẹ̀ kọ ọ́ mú. Ọ̀nà méjèèjì ni àwọn adájọ́ ayé ń tọ̀. Ọ̀nà kejì léwu díẹ̀, nítorí ẹni tó bá lè yà kúrò nínú ọ̀rọ̀ nítorí ohun rere lónìí lè yà kúrò nítorí ohun mìíràn lọ́la. Ibi tó bá ṣeé ṣe, ilé aṣòfin ló yẹ kó tún ẹsẹ bẹ́ẹ̀ kọ.

Kò pẹ́ tí ìdájọ́ yìí fi bá ìjà Ọ̀ṣun pàdé. Ní oṣù Kẹwàá 2022, kí Gómìnà Oyètọ́lá tó kúrò nípò, wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ APC sì gbé e. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Òṣogbo wọ́gi lé ìbò náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2025, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní Àkúrẹ́ yí ìdájọ́ tó ti inú ẹjọ́ ẹgbẹ́ PDP jáde padà, ó ní wọ́n ti tètè pẹjọ́ jù. APC ní àwọn alága wọn ti padà sípò nìyẹn. PDP ní ìdájọ́ kejì, tí ẹgbẹ́ mìíràn gbà ní Òṣogbo lórí ìbò yìí kan náà, ṣì dúró. Kì í ṣe ìwé òfin ni wọ́n ń túmọ̀ mọ́, ìtumọ̀ tí adájọ́ ṣe ni wọ́n ń túmọ̀. Ní ọjọ́ 17, apá méjèèjì kọjú síra wọn ní sẹkitéríàtì káńsù káàkiri ìpínlẹ̀ náà, ẹ̀mí sì bọ́.

Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀, Lateef Fagbemi, gba Gómìnà Adémọ́lá Adélékè nímọ̀ràn pé kó má dìbò tuntun. Gómìnà dìbò náà ní ọjọ́ 22. Ẹ kíyè sí i pé Agbẹjọ́rò Àgbà, bó ti wù kí ipò rẹ̀ ga tó, kì í ṣe adájọ́. Ìmọ̀ràn ni tirẹ̀, ẹni tí wọ́n bá gbà nímọ̀ràn lè gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ tó ń gbà nímọ̀ràn ló di kọ́kọ́rọ́ àpò owó mú. Owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀ṣun dúró sọ́wọ́ wọn láti oṣù Kejì 2025. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ káńsù ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó sílé nítorí ààbò, ọ̀pọ̀ oṣù sì ni wọ́n fi jókòó.

Ìjọba Ọ̀ṣun gbé ẹjọ́ owó náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ. Abala 232 gba ìpínlẹ̀ láàyè láti bá ìjọba àpapọ̀ rojọ́ níbẹ̀ tààrà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí wọ́n bi Adésànyà ní 1981 ló tún kọ́kọ́ dúró níwájú àwọn adájọ́: ta ni owó Ayédire kàn tó láti pẹjọ́ lé e lórí, ìjọba ìpínlẹ̀ ní Òṣogbo, tàbí káńsù tó wà ní Ilé-Ogbó fúnra rẹ̀?